Ohun Ìdíyín Tí Ń Bá Kòkòrò Jà: Ìtàn Rẹ̀ àti Ohun Tí Ó Kan Wa ní Eruku

Ìbéèrè ni ó fa ọ̀rọ̀ òní. Ọ̀kan nínú yín fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni pé ohun ìdíyín kan wà tí kì í kàn án dí ihò lásán, tí ó tún ń bá kòkòrò inú ihò náà jà. Ìdáhùn kúkúrú ni pé òótọ́ ni, dé ìwọ̀n kan. Ìdáhùn gígùn jẹ́ ìtàn, ìtàn sì ni ó yẹ kí a sọ, nítorí pé láìmọ ìtàn náà, a kò ní mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan ẹni tó ń gbé Eruku ju ẹni tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù lọ. Èmi kì í ṣe dókítà eyín o. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n sọ bí ìmọ̀ náà ṣe rìn, àti ibi tí ó dúró sí.

Kòkòrò tí a kò fojú rí

Àwọn bàbá wa ní orúkọ fún eyín tó ń dunni: akokoro. Orúkọ náà gbé èrò kan dání, pé kòkòrò kan ni ó wọ inú eyín tí ó sì ń jẹ ẹ́ láti inú. Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn ará Bábílónì àtijọ́ kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sára wàláà amọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Éṣíà àti Yúróòpù sì gbà á gbọ́ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí Pierre Fauchard, oníṣègùn eyín ará Faransé, tẹ ìwé ńlá rẹ̀ jáde ní 1728, ó wà lára àwọn tó kọ ọ̀rọ̀ kòkòrò yìí sílẹ̀, nítorí pé òun wá a títí, òun kò rí i.

Ó gba ohun tó lé ní àádọ́jọ ọdún kí ẹnì kan tó rí kòkòrò tòótọ́. Willoughby Miller, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní Berlin, ni ó ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ti 1890 pé àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé ẹnu wa ni wọ́n ń jẹ ìyókù oúnjẹ wa, pàápàá ohun dídùn àti ohun oníyẹ̀fun, tí wọ́n sì ń tu ásíìdì jáde. Ásíìdì yìí ni ó ń yọ èròjà líle kúrò lára eyín díẹ̀díẹ̀ títí ihò yóò fi dé. Ní 1924, J. Kilian Clarke ní Lọ́ńdọ̀nù ya ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò náà sọ́tọ̀, ó sì pè é ní Streptococcus mutans. Orúkọ yẹn ni àwọn dókítà ṣì ń pè é títí dòní.

Nítorí náà, àwọn àgbà wa ṣì í ní ti ìrísí kòkòrò náà, ṣùgbọ́n wọ́n gbà á ní ti pé ohun ẹlẹ́mìí ni. Bí ó bá sì jẹ́ ohun ẹlẹ́mìí ni, ó ṣeé pa.

Orín àti kànáfùrù

Àwa Yorùbá kò dúró de àjèjì kí a tó máa bá ohun tó wà lẹ́nu wa jà. Ṣebí gbogbo wa la mọ orín àtà, pákò Ìjẹ̀bú, igi ewúro àti dóńgóyárò. Ní ilẹ̀ wa yìí, ẹni tó bá jí láìrún orín, kò tíì ṣe tán láti kí ènìyàn.

Àwọn olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ìgbà náà ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ inú yàrá ìwádìí. Ní 1971, El-Said, Fadulu, Kuye àti Sofowora tẹ ìwádìí jáde lórí agbára tí omi ara orín ní láti dènà kòkòrò àìfojúrí. Ní ọdún kan náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Abayomi Sofowora àti Isaacs tẹ òmíràn jáde pé omi ara gbòǹgbò àtà ń mú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ti ká bíi dòjé padà sípò, ohun tó kan àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ wo bí orín lásán ṣe gbé wa dé ibi tí a kò rò. Ní 1977, Akpata àti Akinrimisi náà tẹ tiwọn jáde: omi ara àwọn orín ilẹ̀ Áfíríkà kan ń dá kòkòrò ẹnu dúró.

Ṣùgbọ́n orín ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ó lè fọ ojú eyín, kò lè wọ inú ihò tó ti jìn. Ìgbà tí ihò bá ti dé ni àwọn ìyá wa máa ń wá kànáfùrù, wọn a fi há a, ìrora a sì rọlẹ̀. Èyí náà kì í ṣe àròsọ. Òróró inú kànáfùrù, tí wọ́n ń pè ní eugenol, máa ń pa iyè ibẹ̀ kú fún ìgbà díẹ̀, ó sì ń dènà kòkòrò. Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn dókítà eyín ti ń po òróró kànáfùrù mọ́ ìyẹ̀fun síńkì láti fi dí eyín fún ìgbà díẹ̀. Bí dókítà bá ti dí eyín fún yín rí, tí ẹ gbọ́ òórùn kànáfùrù, imú yín kò tàn yín.

Èdìdì lásán

Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí àwọn òyìnbó fi ń dí eyín kò ju èdìdì lọ: wúrà fún olówó, òjé tàbí tánńganran fún àwọn yòókù. Lẹ́yìn náà ni amalgam dé, ìyẹn fàdákà tí a pò mọ́ mákúrì títí yóò fi rọ̀ bí àmàlà, tí yóò sì le tó bá pẹ́ díẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà ti mẹ́nu ba irú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọ̀rúndún keje. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ẹ̀yìn 1820 ni ó gbilẹ̀, ó sì dá ìjà sílẹ̀: ní àwọn ọdún 1840, ẹgbẹ́ àwọn dókítà eyín ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ búra pé àwọn kò ní fi mákúrì sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ẹgbẹ́ náà tú ká ní 1856. Amalgam kò tú ká ní tirẹ̀, nítorí pé ó pọ́n owó díẹ̀, ó sì le bí òkúta.

Àbùkù rẹ̀ ni pé kì í lẹ̀ mọ́ eyín. Dókítà gbọ́dọ̀ gbẹ́ ihò náà kí inú rẹ̀ fẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ kí amalgam má baà yọ, èyí sì túmọ̀ sí pé a ó gé lára eyín tó ṣì dára. Bí àyè kékeré bá sì là láàárín òun àti eyín, kòkòrò á wọlé padà. Eyín tí a ti dí tún lè bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ̀ lábẹ́ èdìdì.

Àwọn kan gbìyànjú àtiwá èdìdì tó lóró. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n fi bàbà sínú sìmẹ́ǹtì eyín nítorí pé bàbà ń pa kòkòrò. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó dúdú bí èédú, ó sì máa ń bínú sí iyè tó wà láàárín eyín. Nígbà tó di 1920, Hermann ní Jámánì mú calcium hydroxide wá. Agbára tirẹ̀ jọ ti omi eérú tí a fi ń se ọṣẹ dúdú: ó ń ta ko ásíìdì débi pé kòkòrò kì í lè gbé inú rẹ̀. Òun náà ṣì wà lọ́wọ́ àwọn dókítà títí dòní, pàápàá fún ibi tó súnmọ́ iyè eyín.

Àǹfààní tí ẹnikẹ́ni kò wá

Ibí yìí ni ìtàn náà ti dùn jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, sìmẹ́ǹtì kan wà tí wọ́n ń pè ní silicate. Ìyẹ̀fun gíláàsì tí a pò mọ́ ásíìdì phosphoric ni. Àwọ̀ rẹ̀ jọ ti eyín, nítorí náà eyín iwájú ni wọ́n ń fi dí. Kò lálòpẹ́: itọ́ ń jẹ ẹ́, ó ń dápàá, ó sì ń fọ́. Síbẹ̀, àwọn dókítà ṣàkíyèsí ohun kan tó yà wọ́n lẹ́nu. Bí silicate tilẹ̀ bàjẹ́, eyín tó yí i ká kì í sábà kẹ̀.

Kí ló fà á? Fluoride ni. Kì í sì í ṣe nítorí eyín ni wọ́n ṣe fi fluoride sí i. Àwọn tó ń yọ́ gíláàsì náà fi sí i kí ó lè tètè yọ́ nínú iná. Fluoride yìí ń jáde díẹ̀díẹ̀ láti inú sìmẹ́ǹtì, ó ń wọ ara eyín, ó sì ń mú un le sí ásíìdì. Ohun tí wọ́n fi sí i fún ìrọ̀rùn ilé-iṣẹ́ wá di ààbò eyín.

Alan Wilson àti Brian Kent, àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ní ilé àyẹ̀wò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n jókòó ti silicate yìí láti wádìí ohun tó ń bà á jẹ́. Ní 1968, Dennis Smith ní Manchester ti fi hàn pé ásíìdì kan tí wọ́n ń pè ní polyacrylic lè mú kí sìmẹ́ǹtì lẹ̀ mọ́ eyín fúnra rẹ̀. Wilson àti Kent mú ásíìdì yẹn, wọ́n pò ó mọ́ irú ìyẹ̀fun gíláàsì tó ní fluoride, wọ́n sì kéde àbájáde rẹ̀ ní 1972. Èyí ni glass ionomer. Ó ń lẹ̀ mọ́ eyín láìsí pé a gbẹ́ ihò rẹpẹtẹ, fluoride sì ń jáde lára rẹ̀.

Báwo ló ṣe ń bá kòkòrò jà?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ion bí mo ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì. Bí ẹ bá ju iyọ̀ sómi, ẹ kò ní rí i mọ́, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Ó ti pín sí ẹ̀yà kéékèèké tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé agbára iná díẹ̀ dání. Àwọn ẹ̀yà wọ̀nyẹn ni ion. Nínú itọ́ àti omi tó wà lára eyín, glass ionomer ń tú ion fluoride sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni calcium hydroxide ń tú ti calcium àti hydroxide sílẹ̀, tí èyí tó ní fàdákà ń tú ti fàdákà.

Iṣẹ́ tí fluoride ń ṣe pé méjì. Èkíní, ó ń wọ ara eyín, ó sì ń ran èròjà tó ti sọnù lọ́wọ́ láti padà sípò. Èkejì, ó ń wọ inú kòkòrò náà fúnra rẹ̀, ó ń dí ọ̀nà tí kòkòrò fi ń sọ ṣúgà di agbára. Kòkòrò tí kò lè da ṣúgà kò lè tu ásíìdì. Àfikún kan tún wà: nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ po glass ionomer, ó kan gan-an, kíkan yẹn náà sì ń pa lára kòkòrò. Nígbà tó bá ti gan, ó di ihò pa, oúnjẹ kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣẹ́kù mọ́.

Ẹnu dùn-ún ròfọ́ o. Fluoride yìí dà bí owó oṣù: ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ ó ń ya wọlé, lẹ́yìn náà ó di tóró-tóró. Ó lè gbà kún un lára ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride, kí ó tún tú u sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kì í fọ ẹnu kò ní rí àǹfààní yẹn. Ìwádìí inú àwo gíláàsì sì yàtọ̀ sí ìwádìí inú ẹnu. Nínú àwo, glass ionomer ń dá kòkòrò dúró kedere. Nínú ẹnu ènìyàn tó ń jẹ, tó ń mu, àwọn ìwádìí kan rí i pé eyín tó yí i ká kì í tètè kẹ̀, àwọn mìíràn kò rí ìyàtọ̀ púpọ̀. Kò sì le tó amalgam fún ihò ńlá lórí eyín ọ̀kánkán tó ń rún egungun. Àwọn onímọ̀ ń gbìyànjú láti fi fàdákà, síńkì tàbí bàbà kún un kí agbára rẹ̀ sí kòkòrò lè pọ̀, ṣùgbọ́n bí èyí tí wọ́n fi kún un bá pọ̀ jù, sìmẹ́ǹtì náà lè dẹ̀ tàbí kí àwọ̀ rẹ̀ yí padà.

Láti Dar es Salaam

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, yóò jẹ́ ìtàn Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n ní àárín àwọn ọdún 1980, Jo Frencken, ará Netherlands tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn eyín ní Dar es Salaam, Tanzania, dojú kọ ìṣòro tí gbogbo wa mọ̀. Kò sí iná, kò sí omi ẹ̀rọ, ẹ̀rọ tí ń gbẹ́ eyín kò sì wúlò láìsí wọn. Yíyọ eyín nìkan ló kù. Òun àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ fi irinṣẹ́ ọwọ́ lásán ha ibi tó ti rọ̀ nínú eyín kúrò, wọ́n sì fi sìmẹ́ǹtì tó ń lẹ̀ mọ́ eyín dí i. Wọ́n gbé ọ̀nà náà lọ sí Thailand ní 1991 àti Zimbabwe ní 1993, glass ionomer sì di ohun tí wọ́n ń lò. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin 1994, Ọjọ́ Ìlera Àgbáyé tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìlera ẹnu ní ọdún náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ọ̀nà yìí síta fún gbogbo ayé. ART ni wọ́n ń pè é.

Ẹ ṣàkíyèsí ìdí tí ọ̀nà yìí fi nílò ohun ìdíyín tó ń jà. Ọwọ́ lásán kò lè ha gbogbo kòkòrò kúrò, díẹ̀ á ṣẹ́kù ní ìsàlẹ̀. Bí a bá fi èdìdì lásán tó lè là lẹ́gbẹ̀ẹ́ bò wọ́n, wọ́n á padà sẹ́nu iṣẹ́. Èyí tó lẹ̀ mọ́ eyín pinpin, tí fluoride sì ń jáde lára rẹ̀, ni ó fún ọ̀nà náà ní ìdúró.

Kò jìnnà sí wa náà. Ní 2011, Ibiyemi, Bankole àti Oke láti Ìbàdàn tẹ àyẹ̀wò kan jáde nípa lílo ART fún eyín àgbà ní ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé ní Nàìjíríà.

Nǹkan méjì mìíràn ti ṣẹlẹ̀ láti ìgbà náà. Àkọ́kọ́ ni àdéhùn Minamata lórí mákúrì, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2013, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017. Nàìjíríà wà nínú rẹ̀. Minamata ni ìlú Japan tí mákúrì ilé-iṣẹ́ ti ba ẹja jẹ́, tí ẹja sì ba ènìyàn jẹ́. Àdéhùn náà ní kí a máa dín amalgam kù, ní 2022 wọ́n sì fi kún un pé kí a má fi dí eyín ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15, tàbí ti aboyún àti ìyá ọlọ́mọ, àfi bí dókítà bá rí i pé ó di dandan. Èkejì ni pé ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi glass ionomer sínú ìwé àwọn oògùn tí orílẹ̀-èdè kankan kò gbọdọ̀ ṣaláìní. Wọ́n fi silver diamine fluoride náà kún un, omi tó ní fàdákà àti fluoride, tí àwọn ará Japan mú jáde ní àwọn ọdún 1960. Kíkàn ni a ń kàn án mọ́ ibi tó kẹ̀, ó sì ń dá kíkẹ̀ náà dúró láìgbẹ́ ihò rárá. Ohun tó fi ń gbowó ni pé ibi tó kẹ̀ á dúdú, kò sì ní funfun mọ́. Ìyá tó ń wo eyín iwájú ọmọ rẹ̀ ní láti gbọ́ èyí kí wọ́n tó fi kàn án.

Eruku ńkọ́?

Eruku wà lójú títì ńlá tó ti Ìlọrin gba Omu-Aran lọ sí Ẹ̀gbẹ̀ àti Kàbbà. Ọkọ̀ kò wọ́n. Ohun tó wọ́n ni dókítà eyín. Ẹni tí eyín ń dùn ní Eruku, ní Osi tàbí ní Iloffa sábà máa ń kọ́kọ́ lo kànáfùrù, á ra oògùn ìrora ní ṣọ́ọ̀bù, á gbé e títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á fi wú. Nígbà tó bá wá ná owó ọkọ̀ lọ sí Ìlọrin, eyín náà ti bàjẹ́ kọjá dídí. Wọ́n á yọ ọ́. Lẹ́yìn náà, gbogbo ìdílé á máa sọ pé bí ènìyàn bá ti dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín, yíyọ ni. Ẹni tó kàn á sì tún dúró pẹ́ ju ti ìṣáájú lọ.

Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Eyín yíyọ náà kì í ṣe oògùn ihò kékeré. Ìyẹ̀fun gíláàsì àti omi rẹ̀, irinṣẹ́ ọwọ́ díẹ̀, òwú, ìjókòó tó dára àti òṣìṣẹ́ tí wọ́n kọ́ dáadáa, èyí ni ohun tí ART ń béèrè. Kò béèrè jẹnẹrétọ̀. Fún nǹkan bí ogójì ọdún ni ayé ti mọ èyí, ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ dán an wò.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ Eruku tó wà nílé àti lẹ́yìn odi, nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú bá tún ń jíròrò ohun tí a ó ṣe fún ilé, ẹ fi èyí sí i: kí òṣìṣẹ́ eyín máa wá sí ibùdó ìlera wa lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ó máa wo àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí ó sì dí ihò wọn nígbà tí ihò ṣì kéré. Ẹni tó bá mọ ẹnì kan ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní Ìlọrin, kí ó béèrè bí a ṣe lè ṣètò rẹ̀.

Ní ti ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, bí dókítà bá ní kí òun yọ eyín yín, ẹ fi sùúrù bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kò ṣeé dí?" Bí ó bá ní ó ṣeé dí, ẹ bi í ohun tí yóò fi dí i, kí ẹ sì bi í bí ẹ ó ṣe tọ́jú rẹ̀. Ẹ má torí orín pa ọṣẹ ìfọyín tì, ẹ má sì torí ọṣẹ pa orín tì. Ẹ dín bisikíìtì àti ohun mímu eléròjà dídùn tí àwọn ọmọ ń mu láàárọ̀ kù, nítorí pé kò sí ohun ìdíyín tí a tíì ṣe láyé yìí tó lè bá ṣúgà jà láti àárọ̀ di alẹ́.

Ẹni tó bá ti gbé irú ètò báyìí dé ìlú tirẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ kọ̀wé sí mi, kí n lè mọ bí wọ́n ṣe ṣe é.